Bílíọ̀nù 7 dọ́là, bí bàbà kò bá wálẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ilé iṣẹ́ ìjọba òkèèrè bá ṣèlérí títì àti ojú irin fún orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan kí wọ́n lè máa wa kùsà rẹ̀, iye owó ni àkọlé ìròyìn máa ń pariwo. Abẹ́ ìwé ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo Sicomines, ilé iṣẹ́ tí Congo àti àwọn ará Ṣáínà jọ ní, tó ń wa bàbà àti kóbáltì ní Kolwezi, ní Congo. Ní 2008, bílíọ̀nù 9 dọ́là ni wọ́n kéde: 6 fún títì, ojú irin àti ilé ìwòsàn, 3 fún ibi ìwakùsà. IMF, àjọ owó àgbáyé, yarí, nítorí pé ìjọba Congo ló ṣe onígbọ̀wọ́ gbèsè náà, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fagi lé gbèsè àtijọ́. Ní 2009, owó títì di bílíọ̀nù 3. Ìpín àwọn ará Ṣáínà, tí ilé iṣẹ́ ìjọba wọn ṣíwájú, jẹ́ 68 nínú 100. Ti Congo jẹ́ 32.

Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi oko kòkò dógò yóò tètè lóye rẹ̀: ẹni tó yáni lówó ni yóò máa ká kòkò títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Àmọ́ níbí, ẹni tó ń ká kòkò ló tún ń kọ́lé fún onígbèsè, òun náà ló sì ń dá owó lé iṣẹ́. Báǹkì Exim ti Ṣáínà ló ń yáni lówó. Àwọn kọngilá tó ní ìpín nínú kùsà ni owó náà ń bá lọ. Lábẹ́ àdéhùn àkọ́kọ́ yẹn, Sicomines kò ní san owó orí títí gbèsè yóò fi tán. Bí títì bá gbówó lórí, ọjọ́ owó orí náà ló ń sún síwájú yẹn.

Bàbà ti ń jáde láti 2015. Nígbà tí IGF, àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ìjọba Congo, tú ìwé náà wò ní 2023, mílíọ̀nù 822 dọ́là péré ló ti wọ iṣẹ́ ìlú.

Ní 2024 wọ́n tún àdéhùn ṣe, àkọlé sì di bílíọ̀nù 7. Mílíọ̀nù 324 lọ́dọọdún ni, títí di 2040, bí tọ́ọ̀nù bàbà kan bá ṣì ju 8,000 dọ́là lọ. Bó bá wálẹ̀, owó títì á dínkù; bó bá já sí 5,200, kọ́bọ̀ kò ní wọlé. Èyí kì í ṣe àlá o: ọ̀pọ̀ oṣù ní 2016 ni bàbà fi wà lábẹ́ iye yẹn. Ọdún tí àpò ìjọba bá gbẹ gan-an ni títì náà yóò dúró. Ìpín 68 sí 32 kò yẹ̀.

Àwa náà ti ṣe é rí. Ní 2005, ìjọba Ọbásanjọ́ fún ilé iṣẹ́ epo ìjọba Kòríà ní ilẹ̀ epo méjì, OPL 321 àti 323, ó sì dín owó ìbuwọ́lùwé kù nítorí ìlérí ojú irin àti iná mànàmáná. Ní 2009, ìjọba Yar'Adua gba ibẹ̀ padà. Ojú irin náà kò jáde.

Nítorí náà, bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá tún dé Abuja, kí àwọn akọ̀ròyìn yín béèrè iye tí kùsà gbọ́dọ̀ máa jẹ lọ́jà kí iṣẹ́ má baà dúró, ẹni tó ń dá owó lé títì, àti ọdún tí owó orí yóò bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tẹ ìdáhùn sójú ìwé kìíní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye bílíọ̀nù náà.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn