Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Rẹ Tó Wà Lójúde Wa

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? A dúpẹ́ níbí. Ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́, àbúrò mi bí ọkùnrin, Sápọ́n ní Abẹ́òkúta níbí ò yé ṣe gosílóò.

Ọkọ̀ ojú omi rẹ ló gbé mi kọ̀wé. Níbi ìpàdé onílé lánàá, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí típà, tírélà tàbí ọkọ̀ tó ti kú tó máa sùn ní títì àdúgbò mọ́. Àwọn onítípà pariwo. Bàbá alága bi wọ́n léèrè pé lọ́jọ́ tí ilé jó nísàlẹ̀, kí ni kò jẹ́ kí panápaná ráyè kọjá? Gbogbo wọn dákẹ́. Mo ti ń wá bàtà mi nígbà tí ìyá elélùbọ́ nàró: "Èyí tó wà níwájú ilé Àjàní ńkọ́? Àbí Odò Ògùn ló máa wá bá a níbẹ̀?" Ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má baà dà bíi pé mo ń bínú.

Mo gbìyànjú o. Mo ní bí òjò àrọ̀kúrò bá dé, tí wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán, dáàmù tí omi rẹ̀ ń wọ Odò Ògùn, ta ló mọ ẹni tó máa wá ọkọ̀? Bàbá alága ní orí òkè la wà, kí n lọ gbé e sí Lafẹ́nwá létí odò, kó máa dúró de omi lọ́hùn-ún.

Ìwọ lo sọ fún mi pé ní Los Angeles, mọ́tò ò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan ní títì ju wákàtí 72 lọ, àti pé àwọn tó fi mọ́tò ṣe ilé ni òfin náà ń ni lára jù. Ká ní ibẹ̀ ni, wọn ì bá ti wọ́ tìrẹ lọ kí ara rẹ̀ tó mọlé. Níbí, aṣọ ni wọ́n ń sá sí i. Ewúrẹ́ bímọ sábẹ́ rẹ̀. Taya tó gbé e ti jẹrà.

Ìparí oṣù yìí ni gbèdéke. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n láwọn á ké sí TRACE, àwọn tó ń mójú tó ìrìnnà ọkọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èmi ni màá sì san owó ìtanràn, lásìkò tí owó oṣù wa ò tíì jáde.

Oníyanrìn kan ti wá wò ó. Ó fọwọ́ gbá a nídìí, ó ní fáíbà rẹ̀ ṣì le. Mo mọ ẹni tí o torí ẹ̀ rà á, n ò ní dárúkọ nínú ìwé. Ṣé kí n tà á? Bí o bá gbà, fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Bí o ò bá gbà, fi owó tí a ó fi gbé e lọ sí ọgbà ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàrà ránṣẹ́, kí o sì bá wọn sọ̀rọ̀ fúnra rẹ. Èmi ò lè dúró níwájú wọn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyàwó yẹn.

Má sọ pé o máa pè mí lọ́la o. Pè mí lónìí.

Èmi ni,
Àjàní