Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ́ Àwọn Asáré Wa Sí Lójú Ayé Wọn

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ̀ ń gbé jáde fún wa. Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkèfìà níbí l'Óṣogbo. Ìwé yín la jọ máa ń kà, èmi àtàwọn ọmọṣẹ́ mi, ẹni tẹ́nu ẹ̀ bá dá ṣáṣá jù ló máa ń kà á sókè fáwọn yòókù tọ́wọ́ wọn wà lẹ́nu máṣíìnì. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí, àmọ́ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ò kúrò lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e síta káwọn tọ́rọ̀ kàn rí i.

Bàbá kan ládùúgbò wa wọlé wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n mú láílọ́ọ̀nù dúdú kan dání, mo rò pé ṣòkòtò ni wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn gé kúrú. Fọkanáísà ni mo mọ̀ wọ́n sí, ó lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà wa. Ìgbà tí wọ́n máa tú láílọ́ọ̀nù yẹn, mẹ́dà ni, mẹ́dà mẹ́ta tí wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé. Eku ti jẹ ríbọ́ọ̀nù ọ̀kan ó ku bí ìka méjì, ìkejì ti dúdú bí àkísà tá a fi ń nu máṣíìnì, ìkẹta ò ní ríbọ́ọ̀nù rárá, wáyà ni wọ́n fi so ó. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, bá mi wá ríbọ́ọ̀nù tó bá a mu, ọmọ ọmọ mi ni tísà ní kó mú nǹkan tí ìdílé ẹ̀ fi ń yangàn wá sílé ìwé."

Mo gbé ọ̀kan sọ́wọ́, ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọ̀ góòlù ara ẹ̀ ti ṣí, inú lẹ́tà tí wọ́n fín sí i nìkan ló kù sí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tá a fi ń gbá òwú kúrò nínú máṣíìnì ha á díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ lorúkọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yọ síta. Mo ní, Bàbá, ẹ̀yin lẹ sá eré yìí? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mítà 400 làwọn ń sá àti rìléè, wọ́n ní nígbà yẹn táwọn bá ti gba igi báyìí, ọkàn ẹni tó wà níwájú ò ní balẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún o, mi ò mọ̀! Ẹni tó ń bá mi lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ mi!

Ohun tí wọ́n wá sọ lẹ́yìn náà ló dùn mí jù. Ṣé ẹ rántí pé 27 August 1991 ni wọ́n yọ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́, inú gbogbo wa dùn, ìlù dún káàkiri, Òṣogbo di olú ìlú. Àmọ́ àwọn tó ti sáré tán kó tó dọjọ́ yẹn bọ́ sáàárín méjì, torí orúkọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi sáré, Òṣogbo àti Ìkìrun àti Ẹdẹ sì ni wọ́n ń gbé, kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní tiẹ̀. Bàbá ní ìgbà kan wà táwọn jáde lọ béèrè bóyá orúkọ àwọn wà lákọsílẹ̀ níbì kankan, ọ́fíìsì kan ní ìwé ayé Ọ̀yọ́ ò sí lọ́dọ̀ àwọn, ọ́fíìsì kejì ní àwọn ti di ará Ọ̀ṣun, káwọn lọ bá ìjọba àwọn. Wọ́n ní àtìgbà yẹn làwọn ti ká mẹ́dà náà sínú láílọ́ọ̀nù.

Tó bá jẹ́ pé bàbá yìí nìkan ni, ẹlòmíì lè ní torí wọn ò sáré dé òkè òkun ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó dé ibẹ̀. Ọlápàdé Adeniken, Òṣogbo níbí ni wọ́n bí i sí, 19 August 1969. Ní Òlíńpíìkì Barcelona lọ́dún 1992, ó wọ fáínà mítà 100, àwọn mẹ́jọ péré nínú gbogbo ayé, ó ṣe ipò kẹfà, sẹ́kọ́ńdì 10.12. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, ní 8 August, òun àti Olúyẹmí Káyọ̀dé àti Chidi Imoh àti Davidson Ezinwa sá rìléè 4x100. Amẹ́ríkà tí Carl Lewis wà nínú wọn ló ṣáájú pẹ̀lú 37.40, tiwa jẹ́ 37.98, Cuba tó wà lẹ́yìn wa sá 38.00. Ẹ wo ìyẹn ná, ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwa àti Cuba ò tó kéèyàn ṣẹ́jú, bí igi rìléè bá mì pẹ́nrẹ́n lọ́wọ́ ẹnì kan péré, fàdákà ti lọ. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí Adeniken pé ọdún 23. Ọ̀ṣun fúnra ẹ̀ ò tíì pé ọdún kan! Ìpínlẹ̀ tí ò tíì lè dá rìn, ọmọ olú ìlú ẹ̀ ti gba mẹ́dà Òlíńpíìkì. Kò sì dúró síbẹ̀ o, lọ́dún 1994 ó sá mítà 100 ní sẹ́kọ́ńdì 9.95 ní El Paso l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1997 òun àti Osmond Ezinwa àti Davidson Ezinwa àti Francis Obikwelu tún gba fàdákà rìléè nínú ìdíje àgbáyé ní Athens.

Mo rántí 1992 yẹn dáadáa. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wà, èmi náà ń sá rìléè fún Yẹ́lò Háùsì, a ti gba hólídè. Bàbá mi ní rédíò kékeré kan tó jẹ́ pé ìyá mi máa ń sá bátìrì ẹ̀ sóòrùn kó lè tún lágbára sí i, ìdí ẹ̀ ni gbogbo agboolé kóra jọ sí. Bí wọ́n ṣe dárúkọ Adeniken a ò tiẹ̀ gbọ́ èyí tó kù mọ́, ariwo ti gba ilé. Lọ́jọ́ kejì gbogbo àwa ọmọdé ti ṣẹ́ pòpórò àgbàdo, a fi ṣe igi rìléè, látẹnu ọ̀nà wa dé ìdí kànga, oníkálukú ń jà pé òun lòun máa jẹ́ Adeniken, títí kan àwa obìnrin.

Nígbà tí bàbá yẹn lọ tán, mo bi àwọn ọmọṣẹ́ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ọmọ mi obìnrin tó ń sá mítà 200 nílé ìwé ẹ̀, mo ní ta ló mọ Adeniken? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan ní ṣé kì í ṣe olóṣèlú ni. Mo ní Usain Bolt ńkọ́, ọmọ mi ò tiẹ̀ ronú, ó ní "9.58", iye sẹ́kọ́ńdì tó fi sá mítà 100. Mi ò bínú sí i, ta ló sọ fún un rí? Pápá tí wọ́n ti ń ṣe íntáháọ̀sì wọn, ògiri ẹ̀ gùn, wọ́n kun ún dáadáa, àmọ́ ìpolówó mílíìkì nìkan ló wà lára ẹ̀.

Nígbà tí Tóbi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sá 12.12 ní Eugene l'Amẹ́ríkà ní July 2022, tó fi di pé kò sí obìnrin láyé tó tíì fo họ́dù mítà 100 yá tó bẹ́ẹ̀ rí, gbogbo wa la gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ wákàtí 24 péré ni WhatsApp máa fi gbé e. Falilat Ògúnkọ̀yà tó sá mítà 400 ní sẹ́kọ́ńdì 49.10 ní Atlanta lọ́dún 1996, tó gba bàbà, àwọn ọmọ mélòó ló ṣì mọ orúkọ ẹ̀?

Kì í ṣe pé àwa ọmọ Òṣogbo Òròkí ò mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ́ èèyàn sí o. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tó wá láti Austria, tó kú lọ́dún 2009, ilé ẹ̀ lọ́nà Ìbòkun ṣì wà tí àlejò ń béèrè, iṣẹ́ ọwọ́ òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é ṣì wà nínú igbó Ọ̀ṣun. Àwọn aláró wa, àwọn ayàwòrán wa, a ń dárúkọ wọn. Ní Asaba, Stephen Keshi tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi sọ orúkọ pápá ìṣeré wọn. Kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá ti kan eré sísá, ọ̀rọ̀ á kàn rọlẹ̀?

Ó sì ń kán mi lójú. Olúyẹmí Káyọ̀dé tí wọ́n jọ sá rìléè Barcelona yẹn, ìjàǹbá mọ́tò ló pa á l'Amẹ́ríkà ní 1994, ọmọ ọdún 26. Sunday Bada wà nínú àwọn tó gba fàdákà rìléè 4x400 ní Sydney lọ́dún 2000, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó gba góòlù wá jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn, wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ wọn, ìgbà tí wọ́n máa fún Nàìjíríà lọ́dún 2012, Bada ti kú ní December 2011. Kò gbé e kọ́rùn.

Ohun tí mò ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ àti káńsù àti gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Òṣogbo fún ò le. Ẹ jẹ́ ká mú ògiri kan ní pápá ìṣeré Òṣogbo, ká kọ orúkọ sí i pẹ̀lú ìlú tónítọ̀hún ti wá, eré tó sá, iye sẹ́kọ́ńdì àti ọdún, kọ́mọ tó bá ń sáré kọjá lè máa wò ó pé ẹni tó sá 9.95, ìgboro yìí ni wọ́n bí i sí. Kí wọ́n kọ orúkọ àwọn kóòṣì náà mọ́ ọn, àtàwọn tísà tó ń fi eérú fa ìlà sórí koríko láàárọ̀ kùtùkùtù. Kí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ jókòó tú ìwé àtijọ́ wò, kí wọ́n pín orúkọ bí wọ́n ṣe pín nǹkan yòókù. Kí wọ́n fún àwọn àgbà asáré ní káàdì ìwòsàn, torí orúnkún tí wọ́n fi gba mẹ́dà ló ń dùn wọ́n báyìí, mo rí bí bàbá yẹn ṣe di tábìlì mi mú kí wọ́n tó lè dìde. Bó bá sì di 27 August tí Ọ̀ṣun ń ṣe ayẹyẹ, káwọn ọmọ ilé ìwé sá rìléè láti iwájú ààfin dé Ọláìyá, kó jẹ́ àwọn àgbà asáré wa ló máa dúró lójú ọ̀nà láti fi igi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má sọ ọ́ di kánópì àti aṣọ ẹbí, ká wá máa wá ẹni tá a torí ẹ̀ péjọ, kó jẹ́ pé ẹ̀yìn àwọn olóṣèlú ló jókòó sí.

Mo rí ríbọ́ọ̀nù náà rà lọ́jà Ìgbọ́nà, aláwọ̀ ewé àti funfun, mo rán an ní ìlọ́po méjì kéku má tètè rí i jẹ. Bàbá na owó sí mi, mi ò gbà á. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mẹ́dà eré sísá tí ríbọ́ọ̀nù ẹ̀ ti bàjẹ́ l'Óṣogbo àti àyíká, tiyín ni tàbí ti òbí yín tó ti lọ, ẹ gbé e wá, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Mo ti ra ìwé kan tí mò ń kọ orúkọ sí, orúkọ bàbá fọkanáísà ni àkọ́kọ́. Mo máa ń ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀, àfi ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Télọ̀,
Òkèfìà, Òṣogbo.