Ẹkún tí mo sun lọ́dún 2004

Àjàní ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, o ò gbé e. Ìyá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ ní Houston. Orúnkún ṣì ń dùn ún. Àbúrò rẹ gba láísẹ́ǹsì, ọjọ́ kejì ló fi mọ́tò mi gbá ilẹ̀kùn gáréèjì. Ìyẹn ò dùn mí tó owó páànù tó o ní o máa fi ránṣẹ́ sí Màmá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò tíì dé. Òjò ti ń rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.

Lọ́jọ́ Sunday, ẹnì kan fà mí sẹ́yìn lẹ́yìn ìsìn, ó ní tẹ́tẹ́ béésíbọ́ọ̀lù lò ń ta lórí fóònù. Mo ní irọ́ ni. Mo délé, oorun ò kùn mí. Ṣé irọ́ ni, Àjàní? Tó bá jẹ́ irọ́, pè mí kí n lè lọ fi bú onítọ̀hún.

Èyí tó já mi láyà jù ni pé wọ́n ní ò ń fi mí ṣe ẹ̀rí. Pé tówó bá ti lọ, wàá ní o ò lè jáwọ́, ṣebí Boston, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù wa, pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ New York lọ́dún 2004 kó tó borí, bàbá rẹ sì sunkún ayọ̀ lójú rẹ. Àbí orí rẹ dàrú ni? Jókòó, ọmọ mi. Jọ̀ọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọ́, fìlà Boston bò ọ́ létí méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, New York ti fi 19 sí 8 nà wá, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn, ẹgbẹ́ tó bá sì kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin nínú méje ló máa tẹ̀síwájú. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ kankan nínú líìgì wọn tó pàdánù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú méje tó sì wá borí mẹ́rin tó kù. Abala kẹsàn-án, tó yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn, dé, New York wà lókè, 4 sí 3, Mariano Rivera tiwọn ló ń ju bọ́ọ̀lù. Dave Roberts tiwa bọ́ sórí bèésì kìn-ín-ní. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó fẹ́ jí bèésì kejì, kó sáré débẹ̀ láìdúró de ẹni tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Rivera ju bọ́ọ̀lù padà sí i lẹ́ẹ̀mẹta kó má baà lọ. Ó lọ. Èékánná rẹ wọ̀ mí lórúnkún, mi ò jẹ́ kó o mọ̀. Bill Mueller tiwa gbá bọ́ọ̀lù, Roberts sáré wọlé, ó di ọ̀mì, 4 sí 4. Ó di abala kejìlá, aago kan òru ti kọjá, David Ortiz tiwa gbá tirẹ̀ kọjá ògiri, a borí: 6 sí 4. O fò mọ́ mi lọ́rùn, o ní, "Dádì, ẹ ń sunkún?" Mo ní ayọ̀ ni.

Kì í ṣe ayọ̀. New York ni mo ta tẹ́tẹ́ lé.

Owó rẹ́ǹtì ni. Owó tí ìyá rẹ fi iṣẹ́ òru ní ilé àwọn arúgbó kó jọ. Mo sọ fún un pé mo ti fi ránṣẹ́ sílé. Lọ́jọ́ kejì, mo wá owó mìíràn kún un kí n lè gba ti àkọ́kọ́ padà, New York náà ni. Abala mẹ́rìnlá, Boston borí, 5 sí 4. Mo tún wá òmíràn. 4 sí 2. Mo tún wá. 10 sí 3, ní ilé New York gan-an. Gbogbo Dorchester, àdúgbò wa ní Boston, ń fọn fèrè mọ́tò, ìwọ wà lójú fèrèsé tó ò ń juwọ́ sí wọn, mo wà ní balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni mi ò jáwọ́, ṣé o rí i? Ẹsẹ̀ Roberts ló fi sáré yẹn, ó ti ń fi í kọ́ṣẹ́ láti kékeré. Kí ló wà lọ́wọ́ èmi tó jókòó sórí àga? Láti ọdún yẹn, ẹgbẹ́ mìíràn nínú líìgì náà kò tíì tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, èmi ni mo sì jẹ́ kó o rò pé bí ayé ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìyá rẹ ò tíì mọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbóhùn rẹ ná. Tí gbèsè bá wà, sọ iye rẹ̀. Mi ò ní pariwo. Màá pariwo díẹ̀.

Bàbá rẹ