Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Kan Ilé Pópó

Leeds, Ìlú Ọba
Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ ó máa sọ pé kí ló dé tí ọmọ yìí ń kọ lẹ́tà nígbà tí WhatsApp wà. Ọ̀rọ̀ ilé wa ní Pópó Àgùdà l'Ékòó tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ Sátidé ni, mi ò rí èsì fọ̀ sí i lórí fóònù. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, "hẹn, hẹn" ni mò ń sọ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi já.

Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ n ro ẹjọ́ ara mi. Ní Gúdù Fúráìdè, mo ní kí n se frejon, ẹ̀wà lílọ̀ olómi àgbọn tiwa. Èmi náà! Mo lọ sọ́jà Kirkgate, mo ra ẹja, mo ra àgbọn méjì. Nígbà tí mo fọ́ wọn, ọ̀kan ti bàjẹ́. Mo rin èyí tó kù, irin bó mi lọ́mọ ìka. Mo se ẹ̀wà títí ó fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀, mo lọ̀ ọ́, ó wá ku kí n sẹ́ ẹ. Asẹ́ wo? Èyí tí wọ́n fi ń sẹ́ tíì ni mo ní nílé. Ṣíbí kan, ṣíbí kan, wákàtí kan gbáko. Nígbà tí mo gbé e padà sórí iná, mo ní kí n jókòó díẹ̀, ó jó lábẹ́. Ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá rú figbe ta, òyìnbó ilé kejì wá ń kanlẹ̀kùn bóyá iná ló sọ.

Mo jẹ ẹ́ ṣá. Mo fọ́n gàrí lé e lórí, mo bu ọbẹ̀ ẹja sí i. Kò burú, àmọ́ kì í ṣe ti Màmá. Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé, tí á so kànáfùrù mọ́ inú àkísà funfun kékeré, tí á jù ú sínú ìkòkò? Tó bá rò ó, rò ó, á fi ọmọrogùn fa ìlà kan láàárín. Bí ìlà náà bá yára padé, á ní, "Kò tíì gbọ́." Bí ó bá la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀ kó tó padé, ó ti jinná nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò kí abọ́ ti ilé Àlàájì tó lọ. Abọ́ yẹn kan náà, oníbulúù tó fọ́ létí, ni ẹran Iléyá máa ń bá padà wá. Níbí, ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń gbé ilé yìí rèé, ìgbà tí frejon mi jó ni òyìnbó ilé kejì kọ́kọ́ mọ orúkọ mi.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ ilé.

Nígbà tí ẹ ní ẹbí ti fẹnu kò pé kí wọ́n gbé ilé Pópó fún kọ́ńtírátọ̀, kí ó wó o, kí ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù alájà mẹ́rin, inú mi kọ́kọ́ ru. Mo fẹ́ bínú. Ìgbà náà ni ohun kan sọ sí mi lọ́kàn pé, ìwọ dà? Ẹ ò mọ èyí rí: nígbà tí mo ń lọ síléèwé ní Sùúrùlérè, mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé Ìkòyí là ń gbé. Tí a bá ti sọ̀ nínú dánfó ní Ọbaléndé, mo máa ń dúró bí ẹni ń ra gúgúrú títí wọn á fi lọ tán, kí n tó gba Láfíàjì sọdá sí Campos. Ojú Pópó Àgùdà ń tì mí. Ilé àwọn tó ti Brazil àti Kúbà padà wá, tí bíríkìlà wọn fi símẹ́ńtì ya òdòdó sára ògiri, èmi ń wò ó bí ilé tó ti gbó. Ibẹ̀ náà ni mò ń lá lálàá rẹ̀ báyìí, agogo Holy Cross ní òwúrọ̀ àti ohùn ládàánì tó ti ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí ni fèrèsé kékeré tó wà níbi àtẹ̀gùn. Èyí onígi, tí igi pẹlẹbẹ kan ti yọ lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbé wo Ẹ̀yọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn, nítorí ìdájí ni Màmá jí yín, tó ń tú ṣùkú orí yín kíá kíá, torí Ẹ̀yọ̀ kì í fẹ́ rí ṣùkú tàbí bàtà, tí ẹ ń sunkún, ẹni tó ṣe é ṣẹ̀ṣẹ̀ gbowó rẹ̀ lálẹ́ àná ni. Èmi ń fi yín rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ ni mo wọ bàtà sáré jáde lọ ra àkàrà, Ẹ̀yọ̀ kan fi ọ̀pámbàtà gbá mi lẹ́sẹ̀, mo sá padà wọlé. Ọjọ́ náà kò tún jẹ́ kí n kúrò nídìí fèrèsé mọ́. Mo ń gba ibi igi tó yọ yẹn wo agbádá funfun tí ń wọ́lẹ̀ kọjá, àti akẹtẹ̀ lórí wọn. Nígbà tí wọ́n tún jáde ní oṣù karùn-ún 2017, orí fóònù ni mo ti wò ó, nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ẹ má ro pé mo fẹ́ dí yín lọ́wọ́. Ilé tí ẹ ń gbé bàsíà káàkiri nínú rẹ̀ bí òjò bá dé, èmi tí òrùlé mi kò jò, mi ò lẹ́nu láti ní kí ẹ máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ilojo Bar, ilé àtijọ́ ní Tinúubú ńkọ́, tó ti wà láti 1855, tí ìjọba kéde ní 1956 pé ohun ìní gbogbo orílẹ̀-èdè ni? Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ìwé ò di ògiri mú. Tiwa tí kò tilẹ̀ ní ìwé kankan ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún ẹbí pé mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ẹ má fọwọ́ síwèé o, àfi tí lọ́yà tiyín bá kà á fún yín, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá méjì àti ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì jẹ́ tiyín. Ẹnu lásán kò tó.

Kí katakata tó dé, ẹ pe káfíńtà àgbà kan, kì í ṣe àwọn ọmọ tí ń fi òòlù fọ́ nǹkan. Ìṣó ayé àtijọ́ ló wà lára fèrèsé yẹn, ó ti dípẹtà, kí ó rọra fi epo sí i kó tó fà á. Kí ó má tún un ṣe. Kí ó má kùn ún. Igi tó yọ yẹn, kí ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín. Ẹ ra asẹ́ ńlá kan mọ́ ọn.

Èmi ni,
Àbúrò yín