Ìwé Ọkọ̀ Pọ̀ Ju Ìwé Ìbọn Lọ

Houston, Texas
Ìparí oṣù Kẹta, 2025

Àjọkẹ́ mi,

O kú ilé o, o kú ooru, o kú ìnáwó ìkómọ. Mo rí àwòrán ọmọ àbúrò rẹ. Ó jọ Ìyá Àgbà débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí fóònù. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárò nìkan ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè sọ lórí fóònù, nítorí ògiri ilé ibí fẹ́lẹ́, ọmọ sì ń gbọ́ ohun gbogbo.

Bàbá Tómi ra ìbọn.

Bàbá Tómi tí kò lè pa adìyẹ ọdún, tí ìwọ fúnra rẹ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀! Ìbọn ìléwọ́ ni. Àwọn olè ló fọ́ ilé kan ládùúgbò wa nígbà tí àwọn onílé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a ò sì gbọ́ pé wọ́n rí ẹnikẹ́ni mú. Láti ìgbà náà ni kì í ti í sùn dáadáa. Bí nǹkan bá dún níta, á dìde jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á, ó ń ro tiwa, mi ò sì lè bá a jà lórí ìyẹn. Ọ̀nà tó gbà ra nǹkan náà ló gba oorun lójú tèmi.

Ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní 4473, ó fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ hàn, wọ́n yẹ orúkọ rẹ̀ wò lọ́dọ̀ FBI bóyá ó ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn. Kò ní. Ó sanwó, ó gbé e délé kí n tó ká aṣọ tán. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti yìnbọn rí. Kò sẹ́ni tó ní kó fi hàn bí a ṣe ń yọ ọta kúrò nínú rẹ̀. Texas kò bi í ní láísẹ́ǹsì, torí kò sí láísẹ́ǹsì tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó ní ìbọn níbí. Kódà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì dè é, lè gbé ìbọn ìléwọ́ rìn nígboro láìgba àṣẹ. Tẹ́lẹ̀, ó ní láti jókòó sí kíláàsì, kó sì yìnbọn níwájú olùkọ́ kó tó lè gbé e rìn. Wọ́n ti sọ ìyẹn di ohun tó wu èèyàn láti ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ ẹnì kan ládùúgbò ló ti rà á, tí onítọ̀hún kì í ṣe oníṣòwò ìbọn, kì bá tí kọ fọ́ọ̀mù kankan.

Àjọkẹ́, nínú ilé yìí kan náà, Tómi ń kọ́ mọ́tò. Wo ohun tí ọmọ náà ń là kọjá. Ó lọ sí kíláàsì, ó ṣe ìdánwò ìwé, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n wá fún un ní láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́. Àgbà gbọ́dọ̀ jókòó tì í fún ọgbọ̀n wákàtí, mẹ́wàá nínú rẹ̀ lóru. Èmi ni àgbà náà! Mo ti ka Sáàmù 121 láti ilé wa dé Bissonnet, mo tún kà á padà. Ó gbọ́dọ̀ wo fídíò àwọn ọ̀dọ́ tó kú sínú ọkọ̀. Bó bá pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, á tún wa ọkọ̀ níwájú olùyẹ̀wò. Bó bá sì yege, kò gbọdọ̀ wakọ̀ láàárín agogo méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí, kò sì gbọdọ̀ gbé ju ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo lọ. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ìnṣọ́ránsì, torí bó bá kọ lu èèyàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ san owó ìwòsàn. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà, a sì ń tún ìwé rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Bí a bá tà á, orúkọ wa gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀ kí orúkọ ẹlòmíràn gorí ẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yìí ni wọ́n fagi lé àyẹ̀wò bíréèkì àti iná ọkọ̀ ní Texas, inú mi ò sì dùn sí i. Èéfín nìkan ni wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò ní Houston.

Ìbọn inú yàrá wa ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1986 kò gbà kí wọ́n kó orúkọ àwọn tó ní ìbọn jọ síbì kan. Bí wọ́n bá rí ìbọn níbi tí wọ́n ti pààyàn, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Martinsburg ní West Virginia ló ń pe ẹni tó rọ ọ́, kí wọ́n tó pe ẹni tó tà á, kí wọ́n máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá ti tà á fún ẹlòmíràn, ọ̀nà dí nìyẹn.

Ìròyìn yòókù: eékún Màámi ti dára, Ìrètí ti yọ eyín iwájú, wọ́n sọ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ òru di ti ọ̀sán, Àǹtí Ṣadé ń kí ọ.

O mọ̀ pé àwọn ọmọdé là ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi. Bí òbí bá gbé ọmọ wá fún àyẹ̀wò, a ní ìbéèrè tí a máa ń bi wọ́n. Ṣé ọmọ ní àga tirẹ̀ nínú ọkọ̀? Wọn á fayọ̀ dáhùn, òfin Texas sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Bí a bá wá béèrè pé ṣé ìbọn wà nílé, ṣé ẹ sì tì í pa, ojú wọn á yí padà. Ẹlòmíràn á ní kí ló kàn mí. Ohun tó kàn mí ni pé láti ọdún 2020, ìbọn ló ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ọkọ̀ ló wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọkọ̀ kò sì ṣèèṣì kúrò níbẹ̀. Ní ọdún 1966, ó lé ní 50,000 èèyàn tó kú lójú títì Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń sọ nígbà náà ni pé awakọ̀ burúkú ló ń pààyàn, kì í ṣe ọkọ̀. Ìjọba ṣòfin ààbò ọkọ̀ lọ́dún náà gan-an. Láti 1968, bẹ́líìtì di dandan nínú ọkọ̀ tuntun, lẹ́yìn náà ni àga ọmọdé, báàgì afẹ́fẹ́, òfin tó le lórí ọtí. Wọn ò gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọkọ̀ tilẹ̀ tún pọ̀ sí i ni. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù máìlì tí wọ́n bá wakọ̀, ó lé ní èèyàn márùn-ún tó ń kú nígbà yẹn. Lónìí, wọn ò pé méjì. Nígbà tí báàgì afẹ́fẹ́ iléeṣẹ́ Takata bẹ̀rẹ̀ sí í bú mọ́ àwọn èèyàn lójú, ìjọba ní kí wọ́n pààrọ̀ nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbọn ló ní irú àléébù bẹ́ẹ̀, kò sí ọ́fíìsì ìjọba tó lè pàṣẹ pé kí wọ́n kó o padà. Àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà lè dá sí ìbọn ìṣeré ọmọdé, òfin sì ní kí ẹnu ìbọn ìṣeré ní àwọ̀ ọsàn, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìbọn gidi kúrò lábẹ́ àjọ náà. Mo ti ro èyí síwá sẹ́yìn, mi ò rí ìdí kan tó dára fún un.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ yìí dárúkọ ìbọn láti 1791, kò dárúkọ mọ́tò. Òótọ́ ni. Mo ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó sọ ní 2008 pé èèyàn lè ní ìbọn nílé fi dáàbò bo ara rẹ̀, nínú ìdájọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti sọ pé ẹ̀tọ́ náà ní ààlà. Ó ní ọ̀daràn kì í gba láísẹ́ǹsì. Mo ní àwọn tó ń wakọ̀ láìní láísẹ́ǹsì wà káàkiri, kò sì sẹ́ni tó ní ká tìtorí wọn pa láísẹ́ǹsì rẹ́. Ó wá mú Ọ̀wọ̀ jáde. Ó ní òfin ìbọn ti wà ní Nàìjíríà láti 1959, ó le ju ti Texas lọ fíìfíì, síbẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2022 wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis, wọ́n pa nǹkan bí ogójì olùjọ́sìn, kò sì sẹ́ni tó ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀.

Mo dákẹ́. O mọ ẹni tó ní ní Ọ̀wọ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò gbà síbẹ̀. Òfin tó wà nínú ìwé, tí kò sẹ́ni tó dúró tì í, kò yàtọ̀ sí láísẹ́ǹsì tí àwọn kan ń gbà nílé láìjókòó sínú ọkọ̀ rí. Àwa la rí i nígbà tí Road Safety dé ní 1988, tí wọ́n dúró sójú ọ̀nà Ìbàdàn, bí àwọn dẹ́rẹ́bà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọra. Kí wọ́n dúró ti òfin ìbọn náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá sí Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ọmọ ogun àti ọlọ́pàá ni wọ́n. Ìbọn inú dúrọ́ọ̀ wa kò lè gbẹ̀san Ọ̀wọ̀. Àwa tó wà nínú ilé ló sún mọ́ jù.

Inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ló wà, Àjọkẹ́, pẹ̀lú ọta nínú. Kọ́kọ́rọ́ oníwáyà bá a wá nínú páálí, torí òfin ní kí oníṣòwò fún ẹni tó bá ra ìbọn ìléwọ́ ní ohun tí yóò fi tì í. Kò sí òfin tó ní kó lò ó. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Bí ọmọ bá mú ìbọn náà, Texas lè fìyà jẹ àwa òbí, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá ti bọ́ sórí nìyẹn. Ní Santa Fe, tí kò jìnnà sí wa, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló kó ìbọn bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 2018. Èèyàn mẹ́wàá ló kú.

Mi ò rò pé Tómi lè pa ẹlòmíràn láéláé. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níta nìyí. Láti Kérésì ni ọmọ náà ti ń dákẹ́. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kì í jẹun tán. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Dókítà ti rí i, olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí mo kígbe mọ́ ọn lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn 48,830 tí ìbọn pa ní Amẹ́ríkà ní 2021, ó lé ní 26,000 tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n yìn ín fún. Bí mo bá sọ èyí, bàbá rẹ̀ á ní kí n má fi ẹnu mi pe ibi. Mi ò pè é. Mò ń lé e sẹ́yìn ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́. Bá mi bá Bàbá sọ̀rọ̀. O mọ̀ pé kò sẹ́ni tí ọkọ mi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tó Bàbá, láti ọjọ́ ìdána wa. Bàbá ló kọ́ wa ní ohun tí ìbọn jẹ́. Ṣakabùlà rẹ̀ ń bẹ lókè àjà, ẹ̀tù ń bẹ nínú ìwo ní yàrá Ìyá, kò jẹ́ kí méjèèjì sùn sí yàrá kan náà. Ẹni tó bá ń bínú nínú ilé, bó tilẹ̀ ṣe òun fúnra rẹ̀, kò ní gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀ láti òkè àjà lọ́jọ́ náà. O rántí Làmídì. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Làmídì ni òfin yẹn le sí i. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, àwọn dẹ́rẹ́bà gáréèjì àti àwọn ọdẹ jọ ń pa ajá lójú kan ṣoṣo, Bàbá á sì sọ fún gbogbo wọn pé irin tó lè gbẹ̀mí, ẹ̀rí ọkàn àti ọwọ́ tó mọ́ la fi ń dì í mú. Ọdẹ ni. Bó bá sọ ọ́, ọkọ mi ò ní lè sọ pé ẹ̀rù obìnrin ni.

Kó pe é ní alẹ́ Sátidé, ní agogo mẹ́jọ tiyín. Agogo méjì ọ̀sán ni yóò jẹ́ níbí, Tómi á ti lọ kọ́ mọ́tò. Kó má sọ pé kó dá ìbọn náà padà. Ìyẹn á di ìjà. Kó sọ pé kó yọ ọta kúrò, kó tì í pa, kó tọ́jú ọta síbòmíràn, kó sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí òfin Texas kò bi í, kí Bàbá bi í.

Jọ̀wọ́, má jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ n'Ísẹ́yìn. Wọ́n á ti sọ ọ́ di ológun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá Bùnmi tó mú lẹ́tà yìí bọ̀ ló mú jígí Bàbá dání pẹ̀lú, àti bàtà àwọn ìbejì.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀kẹ́

Mo fẹ́ gbàgbé: mo ti ra àpótí irin kékeré kan tí ìka ọwọ́ onílé nìkan ń ṣí, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń ṣí, kí ọ̀rọ̀ pé olè ò ní dúró de kọ́kọ́rọ́ lè tán. Wọ́n á gbé e dé lọ́jọ́ Ẹtì. Kí Bàbá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti gbé e sínú ẹ̀.