Lẹ́tà sí Bùkọ́lá, tó ń kọ ìtàn Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Bùkọ́lá àbúrò mi,

Mo ti ka ìtàn tí o fi ránṣẹ́. Ọwọ́ rẹ ti dá ṣáká nínú ìwé kíkọ. Àmọ́ ojú ìwé àkọ́kọ́ kò tíì parí tí ọbẹ ti yọ, ọlọ́pàá ti dé, àwọn ọmọ dúdú sì ti ń sá. (Kí ló dé tí gbogbo wọn wọ ẹ̀wù oníbòrí? Oṣù Kẹjọ ni o ní ó ṣẹlẹ̀, nínú ooru!) Nínú gbogbo ìtàn náà, mi ò rí ẹnì kan tó ń lọ síbi iṣẹ́.

Mi ò ní kí o purọ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni wọ́n gún Dámilọ́lá Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì pẹ́ tó ti Èkó dé. Orí àtẹ̀gùn ilé kan ní North Peckham ló kú sí. Ibo ló ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn? Ilé ìkàwé Peckham ni. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣí ilé ìkàwé náà, ọdún yẹn náà ló sì gba Ẹ̀bùn Stirling, tí àwọn ayàwòrán ilé ní Bìrìtéènì ń lé kiri. Àtẹ̀gùn ni gbogbo ayé mọ̀. Òun náà ni ìwọ gbé.

Kí èrò Èkó tó kún Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, rárá, Dókítà Harold Moody ọmọ Jàmáíkà ti ṣí ibi ìtọ́jú aláìsàn sí Peckham lọ́dún 1913, torí pé wọn ò gbà á síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Òun ló dá League of Coloured Peoples, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ lọ́dún 1931. Dókítà ńkọ́ nínú ìtàn tìrẹ?

Má wá torí ọ̀rọ̀ mi sá lọ sí apá kejì o. Àwọn kan ń pe Peckham ní Èkó Kékeré, wọ́n á to gèlè, ijó àti ariwo jọ, bí ẹni pé àwa kì í sanwó ilé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó tí wọ́n ń san lórí ṣọ́ọ̀bù ń gòkè, ilé kọfí ń pọ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà ń kó ẹrù wọn lọ.

Lọ sí Rye Lane láàárọ̀. Kí ìyá tó ń ta pọ̀nmọ́ dáadáa, ra ọjà lọ́wọ́ wọn kí o tó bi wọ́n ní nǹkankan. Béèrè iye tí wọ́n ń san lórí ìsọ̀, ìgbà tí wọ́n ń jí, ẹni tó ń bá wọn mú ọmọ ní iléèwé. Tí wọ́n bá dá ọ lóhùn, tún ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Tí ọbẹ yẹn bá ṣì wúlò, fi sí ojú ìwé ogún.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ.