Fíìmù Amí Náà Kò Falẹ̀ Jù

Sí Olóòtú,

Mo ka àríwísí yín lórí fíìmù amí tó fara sin sáàárín àwọn agbésùnmọ̀mí, ẹ̀sùn tí ẹ sì fi kàn án jù ni pé ó falẹ̀. Ibi tó ti falẹ̀ yẹn gan-an ni òótọ́ rẹ̀ wà: ẹni tó ń bá apànìyàn jẹun nínú àwo kan náà, tó ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní ráyè máa yìnbọn kiri.

Ẹ gba èyí kan lẹ́nu mi, ẹ kò sì fẹnu bà á rárá: gbogbo ẹni tó wé láwàní nínú eré náà ni wọ́n sọ di afurasí. Lẹ́yìn tí bọ́ǹbù dún ní ibùdókọ̀ Nyanya nílùú Àbújá níbí, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, ọdún yẹn kò tíì parí tí àwọn agbésùnmọ̀mí fi pa àwọn tó ń kírun Jímọ̀ nínú Mọ́sálásí Ńlá Kánò. Àwọn Mùsùlùmí náà wà lára àwọn tí wọ́n ń pa.

Òǹkàwé yín,
Kúbwà, Àbújá